Sikánà Kò Bàjẹ́, Ògbufọ̀ Rẹ̀ Ni Kò Sí Mọ́

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí òórùn kan ń bá mi sùn, tó ń bá mi jí. Òórùn ọtí kíkan ni. Inú páálí bàtà mẹ́ta tí mo gbé wá láti ilé Màmá Òkè-Àdó ló ti ń jáde, àwọn páálí tí bàbá mi kó nẹ́gátíìfù rẹ̀ sí láyé ìgbà tó ń ya fọ́tò ní Mọ́kọ́lá. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan fíìmù àtijọ́ rí mọ ohun tí òórùn yẹn ń wí. Ásítéètì tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà ló ń jẹrà. Bó ṣe ń jẹrà ló ń tú irú ásíìdì tó wà nínú ọtí kíkan síta, ásíìdì náà ló sì tún ń mú kí ìyókù yára jẹrà. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń koná mọ́ ọn, Ìbàdàn ò sì ṣaláìní ìkankan nínú méjèèjì. Fíìmù tó bá ti ń rùn báyìí kò ní oògùn mọ́. Kí a tètè gba ohun tó wà lára rẹ̀ kó tó sún kì, kó tó ká kò, ìyẹn nìkan ló kù.

Mo sì ní sikánà tó lè ṣe iṣẹ́ náà. Ọdún 2006 ni mo rà á. Ọ̀kan lára àwọn tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí a ń gbé sórí tábìlì ni, ó ní iná nínú ìdérí rẹ̀ tí a fi ń ka fíìmù. Kò sí ohun tó ṣe é. Gíláàsì rẹ̀ kò ní ìlà kankan, iná rẹ̀ ń tàn, bẹ́líìtì inú rẹ̀ kò tíì yọ. Àmọ́ nígbà tí mo so ó mọ́ laptop tuntun, ńṣe ni laptop ṣe bí onílé tí àlejò kanlẹ̀kùn fún tó sì ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Ohun tó ń dà mí láàmú ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà nìyẹn. Ohun tó bá bàjẹ́, mo mọ bí mo ṣe lè gba kámú lórí rẹ̀. Ohun tí kò bàjẹ́ rárá, tí wọ́n wá ní kí n lọ jù sí ààtàn, ọwọ́ mi ò gbé e.

Èdè méjì, ògbufọ̀ kan

Ẹ ti mọ ohun tí driver ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà, n ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ògbufọ̀ ni. Sikánà ní èdè tirẹ̀: tan iná, sún síwájú díẹ̀ bí irun orí, ka ìlà yìí, gbé e wá. Kọ̀ǹpútà náà ní èdè tirẹ̀. Ẹni tó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, tó ń gbọ́ tibí tó ń sọ ọ́ fún tọ̀hún, ni driver. Ilé iṣẹ́ tó ṣe sikánà mi kọ ògbufọ̀ yìí fún Windows oníbíìtì 32, ẹ̀yà àtijọ́ nìyẹn. Àwọn nìkan ló mọ ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, torí wọn ò fi èdè ẹ̀rọ náà han ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ayé kó lọ sí bíìtì 64. N ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Mẹ́mórì tí Windows oníbíìtì 32 tí à ń lò nílé lè ná kò ju gígábáìtì 4 lọ, iṣẹ́ tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lónìí sì ti tayọ ìyẹn. Windows oníbíìtì 64 ṣì ń gba àwọn ètò oníbíìtì 32 láyè kí wọ́n jókòó ní pálọ̀, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n driver irú ẹ̀rọ yìí kì í jókòó sí pálọ̀. Yàrá inú lọ́hùn-ún ló ń wọ̀, níbi tí ọkàn Windows gan-an wà, ẹni tí kì í bá ṣe oníbíìtì 64 kò sì lè fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Àfi kí ilé iṣẹ́ náà kọ òmíràn. Wọn ò kọ ọ́. Sikánà tuntun ni wọ́n ní kí n wá rà.

Kọ̀ǹpútà àgbà kan tó ń lo Windows XP ni mo fi ń gbá a lọ títí bọ́ọ̀dù rẹ̀ fi jó. Ìgbà tí mo wá yíjú sí ayé ni mo rí i pé ilẹ̀ ti ṣú. Windows 11 tó jáde ní 2021 kò ní ẹ̀yà oníbíìtì 32 rárá. Windows 10 ní in, àmọ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft parí ìtọ́jú rẹ̀.

Kì í sì í ṣe sikánà nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìparí ọdún 2020 ni Adobe dáwọ́ ìtọ́jú Flash Player, ètò tó ń gbé eré àti fídíò jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dúró, nígbà tó sì di ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2021, Flash fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti ṣí ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀. Lórí Mac, láti ìgbà tí macOS Catalina ti dé ní 2019 ni ètò oníbíìtì 32 kankan kò ti ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn eré, ẹ̀kọ́ àti irinṣẹ́ tó bá ìyẹn lọ kò pàdánù lẹ́tà kan nínú ara wọn. Gbogbo fáìlì wọn ló pé. Ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún wọn ni kò sí mọ́.

Àwọn ọ̀nà tí kò jásí ọjà

Ẹni tó bá wà nínú irú ìṣòro yìí lónìí lè fẹ́ mọ ohun tí mo gbìyànjú, kí ó má baà sun òru tí mo sun.

Mo kọ́kọ́ lo ìlànà tí Windows fi ń bá ètò àtijọ́ ṣe, èyí tó ń parọ́ fún ètò náà pé inú XP ló ṣì wà. Irọ́ yẹn wúlò fún ohun tó jókòó ní pálọ̀. Ó gba ètò sikánà náà wọlé, ojú rẹ̀ ṣí lórí laptop pẹ̀lú àwọ̀ búlúù rẹ̀ àtijọ́, inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnì, ó ní òun ò rí sikánà kankan. Èèyàn ò lè fi irọ́ wọ yàrá inú.

Lẹ́yìn náà ni mo kó sọ́wọ́ àwọn ojúlé tó ń pariwo pé driver gbogbo ẹ̀rọ ayé wà lọ́dọ̀ àwọn. Mo gba ọ̀kan sílẹ̀, kí n tó ṣí i ni aṣọ́nà fáírọ́ọ̀sì ti lọgun. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ibẹ̀ kọjá. Àìní ló ń mú kí èèyàn gba ohun tí kò yẹ kó gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, àwọn tó ṣe ojúlé wọ̀nyẹn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta dára jù wọ́n lọ, ó sì ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn ṣiṣẹ́: kí a fi VirtualBox dá kọ̀ǹpútà kan sínú kọ̀ǹpútà, kí a fi Windows XP sínú rẹ̀, kí a wá fa okùn USB sikánà náà lé e lọ́wọ́. Mo ṣì ní sídíì XP mi. Sikánà jí lóòótọ́, ó gbéra, ó ka bí ìdá mẹ́rin àwòrán, ó dúró gbagidi. Òru mẹ́ta ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé tiyín gbà, ẹ kàn rántí kí ẹ má so XP yẹn mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2014 ni ìtọ́jú rẹ̀ ti parí, kò sì sí ẹni tó ń dí ihò ara ògiri rẹ̀ mọ́.

VueScan wà pẹ̀lú, ètò kan tó ń bá sikánà sọ̀rọ̀, tí Ed Hamrick gbé jáde ní 1998. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sikánà ló gbọ́ èdè wọn, títí kan èyí tí àwọn tó ṣe é ti pa tì. Ẹni tó bá lówó rẹ̀ kó rà á, kò ní kábàámọ̀. Owó dọ́là ni wọ́n ń gbà, èmi sì ti pinnu pé n ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀nà mìíràn wà.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ayàwòrán tó gbọ́n, ní kí n gbé nẹ́gátíìfù síwájú iná funfun kí n fi fóònù yà á. Mo dán an wò. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Fíìmù bàbá mi tóbi, ojú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 5.6 níbùú àti lóròó. Bí sikánà bá kà á ní àmì 2400 lórí ínǹṣì kan, àmì bí 5,300 ni yóò wà níbùú, iye kan náà lóròó, kò sì ní sí ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ tàbí àárín tó mọ́lẹ̀ ju etí lọ. Nígbà yẹn n ò tíì mọ ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi máa ṣe pàtàkì sí mi tó bẹ́ẹ̀.

Òru Ọjọ́bọ̀

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Linux ló kù, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, mo sì ti ń yẹra fún un torí mo rò pé ẹrù rẹ̀ yóò wúwo. Mo gba Linux Mint sílẹ̀, mo fi sórí fláṣì, mo fi fláṣì náà gbé e sórí laptop àtijọ́ kan tí ọmọ mi ti pa tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lórí Linux, SANE ló ń gbẹnu sọ fún sikánà. Láti 1996 ló ti wà, iṣẹ́ tí David Mosberger-Tang bẹ̀rẹ̀ tí àwọn mìíràn sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àtẹ gígùn kan tí wọ́n to gbogbo sikánà sí, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí pé, èyí dára, èyí kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, èyí a ò tíì dán an wò, èyí kò ṣeé ṣe.

Mo wá orúkọ sikánà mi lórí àtẹ náà, mo rí i. Ó dára, ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀.

Ohun tí mo rí ní ìlà tó yí i ká ló mú mi jókòó dáadáa. Àárín àwọn sikánà tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe ni tèmi wà, tí orúkọ wọn kò jọra, tí àwọ̀ wọn kò jọra. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ṣíìpù inú wọn. Genesys Logic ti Taiwan ló ṣe ṣíìpù náà tà fún gbogbo wọn. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, aṣọ tí oníkálukú wọ̀ lọ sọ́jà ló yàtọ̀. Àwọn tó kọ́ SANE kò dúró dìgbà tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá fún wọn ní ìwé. Ibi tí ìwé wà, wọ́n kà á. Ibi tí kò sí, wọ́n so sikánà mọ́ Windows, wọ́n tẹ́tí sí ohun tó ń gba inú okùn USB kọjá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: nígbà tó sọ báyìí, iná tàn, nígbà tó sọ báyìí, ẹ̀rọ sún. Bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lè lo oṣù gbáko lórí ẹ̀rọ kan tí kò sí nínú ọjà mọ́, tí kò sì ní rí kọ́bọ̀ kan gbà lórí rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Orí ọgbọ́n àwọn tí n ò mọ̀ rí ni mo gùn lóru ọjọ́ yẹn.

Mo ṣí ojú ìkọ àṣẹ, mo kọ `scanimage -L`. Ó dáhùn pé òun ò rí sikánà kankan. Mo kọ `lsusb`, àṣẹ tó ń ka ohun tí a so mọ́ USB, sikánà wà níbẹ̀ gbangba. Mo tún àṣẹ àkọ́kọ́ kọ, mo fi `sudo`, tó ń fúnni ní agbára ọ̀gá, ṣíwájú rẹ̀, orúkọ sikánà jáde. Mo mí kanlẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ògbufọ̀ wà nílé, ó ń gbọ́ èdè. Aṣọ́nà ni kò jẹ́ kí èmi wọlé. Mo fi orúkọ mi sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní `scanner`, mo jáde, mo tún wọlé, ó gbà mí láyè láìsí `sudo`. Mo fi èyí síbí nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ̀rètí nù, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló sì kù kí wọ́n ṣí.

Iná NEPA ti lọ láti ọ̀sán. Inverter ló gbé sikánà. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa ń dún lábẹ́ fèrèsé, mo sì mọ̀ láti ìgbà XP pé bí tábìlì bá ń gbọ̀n, àwòrán á jáde pẹ̀lú ìlà wínníwínní bí omi tí afẹ́fẹ́ fẹ́ lé. Mo dúró. Ó kọjá aago mọ́kànlá kí wọ́n tó pa á. Àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò lára fíìmù àkọ́kọ́, mo tẹ́ ẹ sínú férémù rẹ̀, mo dé ìdérí, mo tẹ bọ́tìnì.

Iná tàn yòò. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ fà gììì, ó padà sẹ́yìn, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Àwòrán ń jáde lójú laptop láti òkè wá sísàlẹ̀. Mo sọ dúdú di funfun. Obìnrin kan ni, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò ńlá kan, ó di onílé-gogoro. Láyé yẹn, irun dídì kì í ṣe ohun kékeré. Ní 1968 ni J. D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun àwọn obìnrin wa jọ, ayé ṣì ń wo iṣẹ́ yẹn títí dòní. Bàbá mi ò lókìkí. Ẹni tó bá di irun fún àríyá tó sì ní owó fọ́tò lọ́wọ́ ló ń yà.

Mo sún àwòrán náà mọ́ra láti wo ojú obìnrin náà. Mo tún sún un mọ́ra. Lábẹ́ ojú rẹ̀ òsì ni mo ti rí i: àwọn ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n dagun díẹ̀ sí apá kan. Kì í ṣe ara rẹ̀. Pẹ́ńsù ni. Àwọn oníṣẹ́ fọ́tò àtijọ́ a máa fi pẹ́ńsù tó mú ṣonṣo tún nẹ́gátíìfù ṣe, kí àpá rorẹ́ tàbí ìjìnlẹ̀ ojú má baà hàn nígbà tí wọ́n bá tẹ fọ́tò jáde. Mo rántí bàbá mi lẹ́bàá fèrèsé, fíìmù lórí gíláàsì, orí rẹ̀ ní ìtẹríba, tí yóò ní kí n má mi tábìlì. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe nígbà yẹn. Bí wọ́n ṣe dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ ti ọlọ́wọ́ òsì. Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá mi.

Fóònù ò fi èyí hàn mí. Fọ́tò tó tẹ̀ jáde fún obìnrin yẹn kò fi hàn án, torí kí ó má baà hàn ló ṣe ṣe é. Ara nẹ́gátíìfù nìkan ló wà, ó sì ti wà nínú páálí bàtà láti ọjọ́ yìí wá, ó ń retí ẹni tí yóò kà á.

Àròkọ 1999

Nígbà tí ara mi balẹ̀ ni mo rántí pé mo ti ṣe irú iṣẹ́ tí àwọn ará SANE ṣe rí, láìmọ̀ pé bákan náà ni. Àròkọ tí mo fi gboyè ní 1999, Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀wé nígbà yẹn rántí: àwọn fóńtì kan ni a ń lò tí wọ́n yọ lẹ́tà tí a kò nílò kúrò láyè rẹ̀, tí wọ́n fi ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn síbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní fóńtì yẹn, pàǹtí ni yóò rí. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ láti 1991, àmọ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ tiwa. Nígbà tí fóńtì mi sọnù, ojú ìwé 80 tí mo kọ di ọ̀rọ̀ àwọn àǹjọ̀nú. Mo gbé ẹ̀dà tí mo ti tẹ̀ sórí ìwé sílẹ̀ lápá ọ̀tún, mo gbé fáìlì sápá òsì, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀: àmì yìí ni ẹ́, àmì yìí ni ọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi mọ gbogbo rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ẹ̀dà orí ìwé yẹn, mi ò bá ti jù ú nù, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá láti àkókò yẹn ló wà nínú dírọ́ọ̀ àwọn èèyàn báyìí tí wọ́n rò pé ó ti bàjẹ́.

Èrò mi ni pé ilé iṣẹ́ tó bá pinnu pé òun ò ní kọ driver fún ẹ̀rọ kan mọ́, kó tẹ ìwé èdè ẹ̀rọ náà síta lọ́jọ́ tó bá kéde. Kò ní ná an ní ohun púpọ̀. Ẹ̀rọ náà ti kúrò lọ́jà, kò sí èrè kankan tó kù lára àṣírí yẹn. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ń lọ, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ àká sábẹ́ irọ̀rí sùn, ebi ló fi sílẹ̀ fún ará ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú sikánà bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ má sọ sídíì tó bá a wá nù. Àwọn kan wà tí SANE gbọ́ èdè wọn, àmọ́ tí wọ́n nílò fáìlì kékeré kan tó wà lórí sídíì yẹn kí wọ́n tó lè jí.

Òkè-Àdó

Ní Sátidé, mo gbé sikánà lọ bá Màmá. Àbúrò bàbá mi ni, òun ló kù nínú àwọn tó máa ń jókòó sí sítúdíò náà. Kí n tó gbé e sínú mọ́tò, mo ti ti kọ́kọ́rọ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó ń di ẹ̀rọ inú mú kí ó má baà máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tí mo débẹ̀ mo ṣí i. Mo gbé laptop síwájú rẹ̀ lórí àpótí.

"Ẹ kúulé, Màmá."

"Àkànní, o kú ọ̀nà. Kí lo gbé dání bí ẹni gbé pósí?"

Mo fi obìnrin onílé-gogoro hàn án. Kò tilẹ̀ wọ ìgò ojú rẹ̀ tán kó tó sọ ọ́. "Ìyàwó télọ̀ òdìkejì wa nìyí. Rédíò yẹn kì í ṣe tirẹ̀ o, ti Bọ̀ọ̀dá ni. Gbogbo èèyàn ló ń bá rédíò yẹn ya fọ́tò. Kò dún rí látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ ti ọmọ tí obìnrin náà gbé lọ́wọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sọ ti ìjà tó wà láàárín òun àti ìyálé rẹ̀. Mo ti tan fóònù mi láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo ń kọ orúkọ sábẹ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó sọ̀rọ̀, nọ́ńbà lásán ni wọ́n: 001, 002, 003. Wọ́n mọ́, wọ́n tóbi, wọ́n dán, àmọ́ wọ́n yadi bí sikánà mi ṣe yadi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni Màmá. Kò sí àtẹ kankan níbì kankan tí wọ́n kọ ohun tó wà lórí rẹ̀ sí.

Nígbà tó kan 004, ó dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì ló dúró síwájú aṣọ tí wọ́n kùn bí ọgbà òdòdó, ọ̀kan di ṣùkú, èkejì wé gèlè.

"Èmi nìyí," ó fi ìka kan èyí tó di ṣùkú. "Ṣùgbọ́n òdì lo gbé e sí."

"Báwo, Màmá?"

"Wo ọwọ́ mi." Ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè. Àpá iná kan wà lẹ́yìn ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó fẹ̀ tó ewé ẹ̀fọ́ kékeré. "Epo àkàrà ló ta sí mi níbẹ̀, mi ò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ọwọ́ wo lo wá gbé e sí níbí?"

Ọwọ́ òsì ló wà nínú àwòrán. Fíìmù ní ojú tó ń dán àti ojú tí kò dán. Mo ti dà á dé, gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán sì ti yí sódì. SANE ò mọ̀. Èmi náà wò ó lẹ́ẹ̀mẹta nílé, n ò rí nǹkan kan.

"Ẹ má bínú, Màmá. N ó tún un yà. Ta ni ẹnìkejì tó wé gèlè?"

Ó sún mọ́ ojú laptop títí èémí rẹ̀ fi ń bà lé gíláàsì. Ó wò ó pẹ́. Ó mi orí.

"Yí i padà ná. Bí ojú rẹ̀ bá wà níbi tó yẹ kó wà, bóyá yóò wá sí mi lọ́kàn."

Mo yọ fíìmù náà jáde, mo gbé e síwájú fèrèsé kí n lè rí ojú tó ń dán, mo tẹ́ ẹ padà, mo dé ìdérí. Màmá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí ìdérí náà bí ẹni tó ń dáàbò bò ó. Mo tẹ bọ́tìnì, iná tàn lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sún.